Ẹnu Ọ̀gá Kò Ní Ìlẹ̀kùn

Ibi tí àwọn ẹlòmíì ti ń pàdé ọkọ wọn, ibi ìnáwó ni, tàbí nínú mọ́tò, tàbí nílé ọ̀rẹ́. Èmi ní tèmi, ibi tí mo ti ń wádìí ìdí tí àwọn èèyàn fi kọ ọjà bàbá mi ni mo ti pàdé ẹni tí ọkàn mi yàn. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rọra rín in, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Bàbá mi ló ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ àwọn olè tó ń gba orí ayélujára wọlé. Iṣẹ́ náà yé e yékéyéké. Bí olè bá wọ kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, kí ẹlòmíì tó rí ibi tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi á ti mọ ojú ihò tó gbà wọlé, á sì ti dí i. Síbẹ̀ àwọn oníbàárà ń sá fún un. Wọn á pè é, wọn á gbọ́ àlàyé rẹ̀ délẹ̀, wọn á dúpẹ́, wọn á sì lọ mú ẹlòmíì tí kò mọ iṣẹ́ tó o. Bàbá ní bóyá ọjà àwọn ló wọ́n. Ó dín in kù, wọ́n tún sá. Ó ya àwòrán olè tó fi aṣọ bojú sára mọ́tò ilé-iṣẹ́, ó kọ “Àwa La Le Jù” sábẹ́ rẹ̀, pàbó ló tún já sí.

Iṣẹ́ tèmi ni láti máa bá àwọn tó ń rajà sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ohun tó ń bẹ nínú wọn gan-an. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú bàbá mi, ó ní kí n wá bá òun wádìí.

“Mo máa ṣe é, sà,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n òfin kan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nìkan lẹ máa rí. Ẹ ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ ò sì gbọdọ̀ bi mí.”

“Kí ni mo fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe?” ni bàbá mi dáhùn. Ó yára gbà jù. Ó yẹ kí ara mi ti fu láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí fún yín. A kì í bi oníbàárà pé kí ló fẹ́. Tí o bá bi í bẹ́ẹ̀, irọ́ tó dára ló máa pa fún ọ, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò ní fẹ́ dójú tì ọ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé: lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìrànlọ́wọ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn náà ni a ó pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ẹnu pípamọ́ yẹn ló le jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí ni alábòójútó ilé-iṣẹ́ kan tó ní àwọn iyàrá tútù, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ẹja àti oògùn kó má bàa bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ìtútù inú iyàrá náà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oòrùn ń ran gidi níta, ṣùgbọ́n òun wọ súwẹ́tà tó nípọn, imú rẹ̀ sì pọ́n. Oníyìnyín ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi lójú ẹsẹ̀.

“Lọ́jọ́ tí ẹ pe ilé-iṣẹ́ wa, sà, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Kò sí nǹkan kan. A kàn fẹ́ mọ iye tí ẹ ń gbà ni.”

Mo pa ẹnu mọ́. Ó wo àjà. Ó wò mí. Ó tún wo àjà.

“Ṣé ẹ ò ní béèrè nǹkan míì ni?”

“Mò ń gbọ́ yín, sà.”

Ẹ̀rọ ìtútù ń kùn lẹ́yìn ògiri. Ó mí kanlẹ̀. “Àwọn olè orí ayélujára ti kọ̀ǹpútà wa pa mọ́ wa lójú. Iyàrá méjì gbóná. Ẹja àwọn èèyàn bàjẹ́, òórùn ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Èmi ni mo ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi wọlé. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé iná ló lọ.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Ó gbà mí gbọ́. Mo padà sínú iyàrá yẹn, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sunkún. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ èyí rí.”

“Nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa wá bá yín ńkọ́?”

“Mo rí i pé ó mọ iṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé tó bá bẹ̀rẹ̀, á rí irọ́ mi níbẹ̀. Ni mo bá mú ẹlòmíì.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ọkùnrin tó sọ pé òun sunkún tí kò sì fi àwàdà bò ó. Nígbà tí mo dìde, ó ní kí n jókòó mu tíì. Mo ní n kò lè bá ẹni tí mò ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ mu tíì, àfi tí ìwádìí bá parí. Láti ọjọ́ kejì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ìwádìí ti parí?” Mi ò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n tí kò bá wọlé lákòókò, ara mi kì í balẹ̀, mo lè ṣí fóònù náà, kí n pa á, kí n tún ṣí i, títí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi bi mí bóyá mo jẹ gbèsè.

Ó ku oníbàárà kan. Ìyá mi ni.

Ìyá mi ló ni ilé-ìwé àwọn ọmọdé, bàbá mi ló sì ń bójú tó kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ó wà lára àwọn tí bàbá mi kọ orúkọ wọn fún mi. Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, tí ilẹ̀ ṣì kún fún ẹfun ìkọ̀wé.

“Ṣé oníbàárà ni mo jẹ́ lónìí, àbí ìyá ẹ?”

“Oníbàárà ni yín, mà.”

“Òfin yẹn kàn mí náà?”

“Ó kàn yín.”

Ló bá sọ ọ́. Nígbà kan, ìyá mi tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn olè wọlé, wọ́n sì fi orúkọ ilé-ìwé kọ ọ̀rọ̀ rírùn ránṣẹ́ sí gbogbo òbí. Bàbá mi tún un ṣe ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ibi tó bá ti lọ polówó ọjà ló ti ń sọ ìtàn náà. “Obìnrin kan tó ní ilé-ìwé,” ni á wí, á ṣe bí ó ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ, lóòótọ́. Ta ni kò mọ iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe?

“Wọ́n mọ iṣẹ́,” ni ìyá mi wí, ó ń palẹ̀ tábìlì mọ́. “Ẹnu ọ̀gá wọn ni kò ní ìlẹ̀kùn.”

Nígbà tí mo to gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀, ó hàn gbangba. Kì í ṣe iye owó ló ń lé àwọn èèyàn. Olè gan-an kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ìtìjú ni. Ẹni tí wọ́n ja lólè ń wá ẹni tó máa sáré dé, tó máa tún un ṣe, tí kò sì ní rò ó fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi wá ń lọ bá wọn pẹ̀lú àwòrán olè àti ìtàn ìtìjú ẹlòmíì. Mo kọ àbọ̀ ìwádìí náà sínú ìwé fún bàbá mi pé kó pa “Àwa La Le Jù” rẹ́ lára mọ́tò, kó sọ fún ayé pé òun ń dé kíá, òun sì ń pa àṣírí mọ́. Gbólóhùn ìyá mi ni mo kọ sókè ìwé náà láìdárúkọ rẹ̀, torí òun ló sọ ọ́ dáadáa jù.

Bàbá mi kà á. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.

“Ẹnu mi? Ẹnu tèmi ni kò ní ìlẹ̀kùn?”

“Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni, sà.”

“Oníbàárà wo?”

Mo wò ó. Ó rántí òfin tó fẹnu ara rẹ̀ gbà, ó sì kùn lọ sínú iyàrá. Láti ọjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́. Á máa rìn láti pálọ̀ dé ibi àbáwọlé, á sì máa dárúkọ oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Èmi ní tèmi, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́: “Ìwádìí ti parí.” Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, Oníyìnyín ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀. Bí “ẹ” ṣe di “o” láàárín wa nìyẹn. A máa ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, a ò ní ibì kan pàtó tí a ń lọ. Ọ̀rọ̀ kì í tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Aránṣọ, ló ṣe alárinà wa. Kò sí ìdílé tí Àǹtí kò rán aṣọ fún, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí kò bá a lórí máṣíìnì. Òun ló mú Oníyìnyín wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan. Ohun gbogbo ń lọ geere. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí i kú ìjókòó, títí ó fi béèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

“Iyàrá tútù?” Ẹ̀rín bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ̀yin tí ẹ pè mí, tí ẹ sì lé mi?”

“A ò lé yín, sà.”

“Ìwọ lo jókòó níwájú mi lọ́jọ́ yẹn tí o ń fi ojú wọ̀n mí. Ọmọ mi sì wá bá ọ wádìí.” Bàbá mi dìde. “Ìwọ lo ní ẹnu mi ò ní ìlẹ̀kùn!”

“Èmi kọ́, sà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.”

Bàbá mi kọjú sí mi. “Ó dáa. Sọ pé òun kọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré. Tí o bá ti sọ ọ́ báyìí, mo fọwọ́ sí ìgbéyàwó yín.”

Oníyìnyín ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó mọ̀ pé n óò sọ ọ́. Mo wo ìyá mi. Ó ń fa etí aṣọ tábìlì kó lè tọ́, aṣọ tí kò wọ́. Mo mọ bàbá mi. Tí mo bá ní eléyìí kọ́, á ní lágbájá ńkọ́, tàmẹ̀dù ńkọ́? Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ò pọ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa ku ẹnì kan ṣoṣo.

“Sà, mi ò lè sọ ẹni tó sọ ọ́. Mi ò sì lè sọ ẹni tí kò sọ ọ́.”

“Ó tán nìyẹn. Máa mú un lọ,” ló sọ fún Àǹtí.

Mo sáré tẹ̀ lé Oníyìnyín débi tí títì ti yà. Kò dúró títí mo fi di apá rẹ̀ mú.

“Èmi kọ́ ni,” ló wí. “O mọ̀ pé èmi kọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n láyé yìí.”

“Mo mọ̀.”

“O sì jókòó síbẹ̀ o ń wò mí. Ẹni yòówù kí o máa bo àṣírí ẹ̀, ó ju èmi lọ lọ́kàn rẹ.”

“Tìẹ náà wà lọ́wọ́ mi,” ni mo dá a lóhùn. “Ọ̀rọ̀ ẹja, ọ̀rọ̀ iná tó lọ. Ṣé kí n sọ ọ́ fún bàbá mi kó lè mọ ẹni tí o jẹ́? Tí mo bá tú ti ẹnì kan, ṣé tìẹ náà ò ní bọ́ lọ́jọ́ kan?”

Ó yọ apá rẹ̀ lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, ó sì lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rò ó jù. Oúnjẹ ò lọ. Mi ò lè jókòó síbì kan. Mo tún kọ́bọ́ọ̀dù mi tò, mo tún un tú. Mo máa ń bi ara mi pé, ta ni mò ń ṣe é fún gan-an? Òfin tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀, ó wá di okùn sí mi lọ́rùn. Ìgbà míì, mo máa ń bínú sí ìyá mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè wo ojú rẹ̀.

Ó bá mi nínú ilé ìdáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi nìkan, mò ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

“Ó yẹ kí n sọ fún un,” ló wí.

“Mi ò ní kí ẹ sọ, mà.”

“Mo mọ̀ pé o ò ní ní kí n sọ. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí.” Ó gbé abọ́ lọ́wọ́ mi. “Ilé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tù mí lára díẹ̀ ni. O ò mọ bí bàbá rẹ ṣe ń le tó bá rò pé wọ́n dójú ti òun. Ó lè má bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún á fi yí po.” Ó gbé abọ́ náà sórí àwọn yòókù, ó sì jáde.

Ní gbogbo àsìkò yìí, Àǹtí Aránṣọ ò sinmi. Òní ọ̀dọ̀ bàbá mi, ọ̀la ọ̀dọ̀ Oníyìnyín. Ó bá bàbá mi jà, ó bẹ̀ ẹ́, ó tún bá a jà. Níkẹyìn ló mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀: bàbá mi ní bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà bá wá síwájú òun, tó gbà pé òun ló sọ ọ́, tó sì tọrọ àforíjì, òun á gbàgbé ẹ̀, òun á sì fún un lọ́mọ.

“Ṣé ẹ sọ ìyẹn fún un?” ni mo bi Àǹtí nípa Oníyìnyín.

“Mo sọ fún un. Ó kàn wọ súwẹ́tà ẹ̀ padà. Ọmọ yìí, ṣé ara ẹ̀ dá báyìí?”

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì pẹ̀lú Àǹtí, bàbá mi àti ìyá mi, gbogbo wa tún pé sínú pálọ̀ kan náà. Oníyìnyín ò wo ojú mi. Ó lọ dúró níwájú bàbá mi.

“Èmi ni mo sọ ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

Mo ti la ẹnu kí n tó mọ̀ pé mo fẹ́ kígbe. Mo tún un pa dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ohun tó ṣe: nígbà tí èmi ò ti lè sọ pé òun kọ́, kò sí ohun tó ní kí òun má sọ pé òun ni. Ó ru ẹ̀bi tí kò jẹ, kò tilẹ̀ mọ ẹni tí òun ń bá rù ú. Àyà mi já, inú mi tún dùn, àyà mi tún já.

Ojú bàbá mi tàn yòò. “Ẹ wò ó! Mo sọ fún yín! Ọmọ dáadáa ni o, ó jẹ̀bi, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi.” Ó na ọwọ́ sí i.

“Ẹ dúró,” ni ìyá mi wí.

Kò pariwo. Ó ti dìde, ó di etí àga mú.

“Ọmọ ọlọ́mọ kò ní ru ẹrù mi. Èmi ni mo sọ ọ́.”

“Ìwọ?” Ọwọ́ bàbá mi dúró sójú òfuurufú.

“Èmi. Oníbàárà yín ni mo jẹ́ lọ́jọ́ tí ọmọ yín bi mí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé mi lẹ fi ń polówó káàkiri. Ẹ ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìka mi.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ fún mi nínú ilé?” Ohùn bàbá mi lọ sókè. “Ó wá di ìta lo ti máa bú mi?”

“Mo sọ ọ́ nínú ilé. Mo sọ ọ́ nínú mọ́tò. Mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń jẹun. Mo fi ẹkún sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ní kí n lo oògùn orí fífọ́. Ìyàwó yín ló ń sọ̀rọ̀, ẹ ò gbọ́. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà ló sọ ọ́, ẹ ò sùn mọ́.”

Bàbá mi wá àga lẹ́yìn ara rẹ̀, ó jókòó. Ó yíjú sí Oníyìnyín.

“Ìwọ, irọ́ lo wá pa fún mi nínú ilé mi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́, sà.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí, ó fi ọwọ́ bò ó. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló ń wò, bí ẹni tí kò rí i fún ìgbà pípẹ́.

“Ìyá ọmọ mi, kí lo rí sí ọmọkùnrin yìí?”

“Láti ọjọ́ tó ti ń wá, ẹ ò bi mí.”

“Mo bi ọ́ báyìí.”

Ìyá mi wo Oníyìnyín, ó wò mí, omi gba ojú rẹ̀. “Ẹ fún un lọ́mọ,” ló wí. “Ó dúró ti ọmọ mi nígbà tí èmi tí mo bí i jókòó.”

Bàbá mi mi orí pé òun gbà. Ó fa àga rẹ̀ títí ó fi kan ti ìyá mi.

“Ẹ lọ mú ọjọ́ tó bá wù yín,” ló sọ fún wa. “Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ máa lọ síta ná. Èmi àti ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ láti sọ.” Ó yíjú sí ìyá mi. “Òun ló máa sọ ọ́.”